Bí A Ṣe Ń Ka Ìwé Ìdáná Bí Ẹni Ń Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Alásè

Lálaalẹ́, nígbà tí mo bá ti fọ abọ́ tán tí ilé ti dákẹ́, ìwé ìdáná ni mo máa ń gbé lé àyà kí oorun tó gbé mi lọ. Kì í ṣe pé mo fẹ́ dáná. Ọbẹ̀ ọjọ́ kejì ti wà nínú fíríìjì. Mo kàn fẹ́ mọ bí àwọn ará Mẹ́síkò ṣe ń yan hóró elégédé kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, tàbí ohun tí àwọn ará Bàhíà, ní orílẹ̀-èdè Brazil, ń ṣe sí ẹ̀wà tí wọ́n ti bó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo ìwé ìdáná bí ìwé pélébé tó máa ń wà nínú páálí ẹ̀rọ ìlọta: ọjọ́ tí nǹkan bá rú wọn lójú nìkan ni wọ́n ń ṣí i. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí iná ti ń jó lábẹ́ ìkòkò kó tó kà á, apá tó dùn jù lára ìwé náà ló ń fò.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìwé ìdáná kó tó di ìwé. Ní 1881, ìwé obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ Abby Fisher jáde ní San Francisco. South Carolina ni wọ́n ti bí i, lásìkò tí wọ́n ṣì ń fi aláwọ̀ dúdú ṣẹrú níbẹ̀. Kò mọ̀ọ́kọ, kò mọ̀ọ́kà. Ṣe ló ń sọ ọ́ lẹ́nu, tí àwọn mìíràn ń bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Ibì kan wà tí wọn kò gbọ́ ọ yé dáadáa: oúnjẹ àgbàdo àti ẹ̀wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní succotash, "Circuit Hash" ni wọ́n kọ, jambalaya, oúnjẹ ìrẹsì kan, wá di "Jumberlie". Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, mo pè wọ́n sókè léraléra nínú yàrá mi. Ohùn obìnrin náà ló wà níbẹ̀ yẹn. Ó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, àmọ́ bó ṣe pe oúnjẹ rẹ̀ kò bá a lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìwé ìdáná bí ẹni jókòó ti alásè lórí àpótí. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ìwé tí ohùn ènìyàn wà nínú rẹ̀

Kí ẹ tó san owó ìwé kankan, ẹ ṣí i síbi oúnjẹ tí ẹ ti sè títí tó fi mọ́ yín lára. Ìrẹsì ni mo máa ń fi dán wọn wò. Bí kò bá sí ìrẹsì, mo máa ń wá àlùbọ́sà díndín. Ìwé tó bá ní kí ẹ dín àlùbọ́sà fún ìṣẹ́jú 5 kó fi pọ́n bí oyin, ẹni tó kọ ọ́ kò dúró tì í. Lórí iná kékeré, àlùbọ́sà kì í pọ́n dénú kó tó tó ìṣẹ́jú 30, nígbà mìíràn ó máa ń tó 45. Ìwé tó bá ń parọ́ fún yín lórí ohun tí ẹ mọ̀, kí ni yóò ṣe lórí ohun tí ẹ kò mọ̀?

Ohun kejì tí mo máa ń wò ni bóyá òǹkọ̀wé náà ń sọ ohun tí ojú máa rí, tí etí máa gbọ́, tí imú máa gbóòórùn. "Ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 20" lásán kò tó. Iná sítóòfù mi àti iná sítóòfù tiyín kò dọ́gba, ìkòkò wa kò nípọn bákan náà. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé kí ẹ dúró títí epo yóò fi lé sójú ọbẹ̀, ẹni yẹn ti dúró sídìí ìkòkò rí. Ẹ má jẹ́ kí àwòrán aláràbarà tàn yín. Ọ̀pọ̀ ìwé tó lẹ́wà jù lórí pẹpẹ ló dákẹ́ lẹ́nu.

Owó kò gbọdọ̀ dí yín lọ́wọ́. Ìwé àlòkù pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì, àwọn ìwé àtijọ́ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí àwọn ìkànnì ìwé bíi Internet Archive àti Project Gutenberg. Bí ẹ bá bi mí níbi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, màá ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Abby Fisher, kí ẹ sì mú Malinda Russell tẹ̀ lé e. Obìnrin aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ òmìnira ni Russell, láti Tennessee. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1866 ní Paw Paw, ní ìpínlẹ̀ Michigan, kò sì ju ojú ewé 39 lọ. Òun ni ìwé ìdáná obìnrin aláwọ̀ dúdú tó pẹ́ jù tí wọ́n tíì rí ní Amẹ́ríkà. Ìlànà inú rẹ̀ kúrú débi pé nígbà mìíràn, ìlà mẹ́ta péré ló máa ń jẹ́, torí ó gbà pé ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ti mọ iná. Fún ti ilé, ẹ wá ìwé Yewande Komolafe lórí oúnjẹ Èkó, tó jáde ní 2023, àti ti Yemisí Aríbisálà tó jáde ní 2016. Ti Aríbisálà, àròkọ lórí oúnjẹ Nàìjíríà ló pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìlànà ìdáná lọ. Òun gan-an ni mo máa ń fún ẹni tó bá sọ pé ìwé ìdáná kò ṣe é kà fún ìgbádùn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kà á láìdáná

Ẹ jẹun yó kí ẹ tó jókòó tì í. Ebi kì í jẹ́ ká fi ojú tó tọ́ wo oúnjẹ: gbogbo rẹ̀ ló máa ń dùn lójú ẹni tí ebi ń pa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò. Ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti máa ń sọ irú epo tó ń lò, iye ènìyàn tó ń bọ́, ilé tó ti kọ́ ìdáná. Bí ẹ kò bá mọ èyí, ẹ kò ní mọ ìdí tí ọbẹ̀ rẹ̀ fi rí bó ṣe rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú orí kan péré, kí ẹ kà á látòkèdélẹ̀ bí ìtàn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ da òróró síná, ẹ dúró ná, kí ẹ jẹ́ kó gbóná lọ́kàn yín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ da ata sí i, ẹ gbọ́ ọ kó dún ṣàà. Ibi tí ẹ kò bá ti rí nǹkan kankan lọ́kàn, ẹ fàlà sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Ibẹ̀ ni ohun tí ẹ kò tíì mọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìwé kan ṣe àpẹẹrẹ. Manuel Querino, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní 1851 ní Santo Amaro, ní Bàhíà, kọ ìwé lórí oúnjẹ ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ó kú ní 1923, ìwé náà sì jáde ní 1928. Èdè Pọtogí ni, àmọ́ fóònù yín lè túmọ̀ rẹ̀ lójú ewé kan sí òmíràn. Mo ń kà á lọ lálẹ́ ọjọ́ kan ni mo kan "acarajé". Ó ní kí wọ́n rẹ ẹ̀wà sínú omi tútù títí èèpo rẹ̀ yóò fi rọrùn láti bó, kí wọ́n lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, kí wọ́n fi ṣíbí onígi pò ó títí yóò fi dì mọ́ra, kí wọ́n fi àlùbọ́sà rírin àti iyọ̀ sí i. Kí wọ́n gbé agbada amọ̀ kaná kó gbóná dáadáa, kí wọ́n da epo pupa sí i, kí wọ́n máa fi ṣíbí onígi bù ú sínú epo díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa yí i.

Kí ni mo tún ń wá? Àkàrà ìyá mi ni. Mo wá ṣàkíyèsí pé kò dárúkọ ata. Mo padà sókè, mo tún un kà, kò sí ata nínú ẹ̀wà lílọ̀ náà. Ìsàlẹ̀ ni ata wà: ata gbígbẹ, àlùbọ́sà àti edé, tí wọ́n lọ̀ pọ̀ lórí ọlọ, tí wọ́n sì dín nínú epo pupa, tí wọ́n ń fi jẹ àkàrà náà. Òkun gbé àkàrà lọ, ata bọ́ síta, ó di ọbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo dín àkàrà mi láìfi ata sínú rẹ̀, mo sì ṣe ọbẹ̀ edé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Adùn ẹ̀wà gan-an wá hàn lẹ́nu mi bí kò ṣe hàn rí, torí ata kò bò ó mọ́lẹ̀.

Ojú ewé mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, mo rí "efó", mo rí "abará" tí wọ́n ń pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí ọ̀lẹ̀lẹ̀. Mo rí "ado", àgbàdo yíyan tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi epo pupa pò, tí wọ́n lè fi oyin sí. Àádùn nìyẹn, kò yẹsẹ̀ kankan. Mo tún rí "olubó", gbágùúdá tí wọ́n bó, tí wọ́n rẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí wọ́n sá sóòrùn, tí wọ́n gún, tí wọ́n kù, kí wọ́n tó fi omi gbígbóná rò ó. Èlùbọ́! Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, omi lé sí mi lójú. Ẹni tó bá ń wá ohun tó fẹ́ sè lálẹ́ yẹn nìkan kò ní ka ojú ewé yẹn láé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi ọ̀rọ̀ ìdáná tiwa sí i lẹ́nu

Èyí ni mo kà sí pàtàkì jù, mo sì rọ̀ yín kí ẹ má fò ó. Nígbà tí ẹ bá ń ka ìlànà kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun tí ọwọ́ ń ṣe níbẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Èdè wa kò fi ọ̀rọ̀ kan bo gbogbo iṣẹ́ iná mọ́lẹ̀. À ń se ẹran, à ń bọ ẹ̀fọ́, à ń dín àkàrà, à ń yan ẹja, à ń sun iṣu, à ń ro àmàlà, à ń tẹ ẹ̀bà, à ń po ẹ̀kọ, à ń já ewédú. Bí mo bá sọ pé "mo bọ̀ ọ́", ẹ ti mọ̀ pé omi gbóná ló kàn án fún ìgbà díẹ̀, pé iṣẹ́ ṣì kù. Bí mo bá sọ pé "mo sun ún", ẹ ti rí èèpo tó jó, ẹ ti rí ọwọ́ tó ń fi ọ̀bẹ ha á.

Ìwé Gẹ̀ẹ́sì lè sọ pé "roast", kó má sì yé yín bóyá wọ́n ń sun ún nínú iná ni, bóyá wọ́n ń yan án lórí ẹ̀yinná ni, tàbí wọ́n tì í mọ́nú ófùn. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ bá mú ni yóò sọ fún yín bóyá ó yé yín. "Sauté" tí wọ́n máa ń kọ yẹn, dín in díẹ̀ nínú òróró ni, kí ẹ má jẹ́ kó gan. "Simmer" ni kí ó máa hó jẹ́jẹ́ lórí iná kékeré, kó má ru. "Fold" ni kí ẹ máa fi ṣíbí gbé e láti ìsàlẹ̀ wá sókè pẹ̀lú sùúrù, ẹ má lù ú, torí afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹyin tí ẹ lù kò gbọdọ̀ jáde. Ẹni tó ti lu ẹ̀wà àkàrà rí mọ ohun tí mò ń sọ, òun náà kì í fẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kó tó kan epo.

Ẹ ó rí i pé lẹ́yìn bí ìlànà mẹ́wàá, ìwé àjèjì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ẹ mọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ Yorùbá kò bá sì wá rárá, iṣẹ́ ọwọ́ tí ìdáná wa kò ní nìyẹn, ó yẹ kí ẹ gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìwọ̀n àti orúkọ tó ń tan ni

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kọ́ọ̀bù inú ìwé Amẹ́ríkà tó nǹkan bíi mílílítà 240, ṣíbí ọbẹ̀ wọn 15, ṣíbí tíì 5. Ṣíbí ọbẹ̀ ti Australia jẹ́ 20. Pọ́n-ùn kan jẹ́ gíráàmù 454, áúǹsì kan jẹ́ 28, igi bọ́tà kan nínú ìwé Amẹ́ríkà jẹ́ 113. Bí wọ́n bá ní kí ófùn wà ní 350, Fahrenheit ni wọ́n ń sọ, 180 ni lórí Celsius, 4 ni lórí ófùn onígáàsì ti Bírítéènì.

Nínú ìwé tó ti pẹ́, ẹ ó máa rí "bọ́tà tó tó ẹyin" tàbí "ife tíì kan". Ní 1896 ni Fannie Farmer ti Boston gbé ìwé rẹ̀ jáde, òun ló sì jẹ́ kí wíwọn nǹkan ní ṣíbí pẹrẹsẹ gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kí èyí tó dé, ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe.

Orúkọ ló léwu jù. "Yam" nínú ọ̀pọ̀ ìwé Amẹ́ríkà, ọ̀dùnkún ni, kì í ṣe iṣu. Ẹ má gún un. "Cornflour" ní Bírítéènì, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi ń mú ọbẹ̀ ki ni. Ní Amẹ́ríkà, àgbàdo lílọ̀ lásán ni. "Chili powder" ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ àdàlù: ata díẹ̀, kúmínì, ááyù àti àwọn nǹkan mìíràn. Mi ò mọ èyí nígbà tí mo kọ́kọ́ sè ẹ̀wà aláta wọn. Ṣíbí ọbẹ̀ 3 ni ìwé sọ, ṣíbí ọbẹ̀ 3 ata gbígbẹ tiwa ni mo dà sí i. Ìkòkò ẹ̀wà kan gbáko ló ṣòfò, inú mi sì bàjẹ́ gidi, torí ẹran tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ béèrè iṣẹ́ tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú ìkòkò

Ohun tó máa ń mú kí ènìyàn pa ìwé ìdáná dé ni pé kò rí ohun èlò inú rẹ̀ rà. Ẹ má pa á dé. Ẹ bi ara yín léèrè pé: kí ni iṣẹ́ tí nǹkan yìí ń ṣe? Ṣé kíkan ló mú wá ni, àbí iyọ̀, àbí ọ̀rá, àbí òórùn, àbí kíki? Bí ẹ bá ti mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ ó mọ ẹni tó lè gbà á ṣe lọ́jà wa.

Basil, ewé olóòórùn tí àwọn ará Ítálì fẹ́ràn, àti ẹ̀fìnrín wa, ìbátan ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òórùn ẹ̀fìnrín le ju tirẹ̀ lọ. Ìdajì ni kí ẹ lò. Omi ẹja bíbà tí àwọn ará Thailand ń dà sí nǹkan, iṣẹ́ irú ló ń ṣe. Paneer, wàrà dídì ti Íńdíà, kì í yọ́ nínú ìkòkò, wàrà Fúlàní náà kì í yọ́. Ẹ dín wàrà náà, kí ẹ dà á sí ẹ̀fọ́ ṣọkọ tí ẹ fi atalẹ̀ àti ááyù sè. Oúnjẹ alẹ́ tó pé ni.

Àmọ́ kì í ṣe ohun èlò nìkan la ń yá, a lè yá iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú. Àwọn ará Mẹ́síkò ní ọbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní pipián. Hóró elégédé ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á yan án lórí irin gbígbẹ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ata. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo wá gbójú sókè: ẹ̀gúsí àti elégédé, ìdílé kan náà ni. Kí ló dé tí mi ò tíì yan ẹ̀gúsí mi rí kí n tó lọ̀ ọ́?

Ìgbà àkọ́kọ́, mo gbé agbada gbígbẹ kaná, mo da kọ́ọ̀bù ẹ̀gúsí 2 sí i, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, mo lọ dá a lóhùn. Kí n tó padà, ó ti di pupa rúsúrúsú. Mo fi ìyẹn sè ọbẹ̀ náà, ó korò. Ìgbà kejì, mi ò kúrò nídìí rẹ̀. Iná kékeré, ọwọ́ kan ń rò ó láìdúró. Fún ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà òórùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó dà bí òórùn ẹ̀pà yíyan láti ojúlé kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan, táá, táá, àwọn mélòó kan fò jáde nínú agbada. Etí hóró rẹ̀ pọ́n díẹ̀, àárín ṣì funfun. Ibẹ̀ ni mo ti gbé e kúrò, mo sì dà á sórí àwo tútù lójú ẹsẹ̀, torí bí ẹ bá fi í sílẹ̀ sínú agbada gbígbóná, yóò máa pọ́n lọ ni.

Mo lọ̀ ọ́ nígbà tó tutù, mo dà á sórí ata tí mo ti dín. Kò dì gbàǹgbà bí ẹ̀gúsí tútù ṣe máa ń dì. Ó tẹ́jú, ó ki, ó rí bí gbẹ̀gìrì, àwọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀gúsí oníkókó kò ní fẹ́ èyí. Èmi fẹ́ràn méjèèjì, èyí ni mo sì máa ń fi jẹ iyán nísinsìnyí.

Ohun kan péré ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá yan ẹ̀gúsí, tí ẹ tún pààrọ̀ epo, tí ẹ tún dín irú kù, tí ọbẹ̀ bá wá dùn tàbí tó bàjẹ́, ẹ kò ní mọ ọwọ́ tó ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ kà á sókè fún ẹni tó mọ iná

Ìyá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tó bá ń ṣa ewédú, mo máa ń jókòó tì í, màá ṣí ìwé, màá máa túmọ̀ rẹ̀ fún un bí mo ṣe ń kà á. Kò sí olùkọ́ ìdáná tó kọ́ mi ní nǹkan tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo ń ka adìẹ kan tí àwọn ará Faransé ń sè. Wọ́n ní kí a fi bọ́tà dín adìẹ tútù títí awọ rẹ̀ yóò fi pọ́n, kí a kó o jáde, kí a dín àlùbọ́sà nínú ọ̀rá tó kù, kí a da omi díẹ̀ sí i, kí a fi ṣíbí ha ìsàlẹ̀ ìkòkò, kí a wá kó adìẹ padà.

"Dúró," ni Màmi wí. "Wọn ò bọ adìẹ yẹn kí wọ́n tó dín in?"

"Wọn ò bọ̀ ọ́, mà."

"Tútù ni wọ́n fi sínú ọ̀rá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó fi ewédú sílẹ̀. "Ka ibi tí wọ́n ti ń ha ìkòkò yẹn tún."

Mo tún un kà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó yé mi. Àwa ń bọ adìẹ, adùn rẹ̀ ń bọ́ sínú omi, a sì ń da omi náà sọ́bẹ̀. Àwọn fi adùn tiwọn sílẹ̀ sí ìdí ìkòkò, wọ́n wá ń ha á. Ọ̀nà kan náà ni. Àmọ́ adìẹ àgbà kò ní rọ̀ báyẹn, sọ fún wọn."

Òótọ́ ló sọ. Adìẹ agric ló lè ṣe é láàárín àkókò tí ìwé náà sọ. Adìẹ ìbílẹ̀ nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó kọ ìwé kò mọ adìẹ wa, Màmi ló mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ní ìyá, tàbí ẹ̀gbọ́n, tàbí ìyá olóúnjẹ kan tó bá yín mọwọ́, ẹ ka ìwé fún un, kí ẹ sì kọ àríwísí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ewé náà. Àwọn ìlà tí mo fi pẹ́ńsùlù kọ látẹnu rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń kà nísinsìnyí, kí n tó ka èyí tí wọ́n tẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ kọ tiyín

Bí ẹ bá ti ka ìwé ìdáná bí mélòó kan, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ẹ̀fọ́ rírò ilé yín kò sí nínú ìkankan. Ó di dandan kí ẹ kọ ọ́. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ tó nípọn lẹ́yìn, kí ẹ sì wá òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù.

Ẹ má bi alásè yín pé "ṣíbí mélòó?" Kò mọ̀, bó bá sì gbìyànjú láti mọ̀ ọ́n, ọwọ́ rẹ̀ yóò yí padà. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé, kí ó tó bẹ̀rẹ̀, màá wọn ike iyọ̀, ike ata, ìgò epo àti ewé irú, màá kọ ọ́ sílẹ̀. Màá fi sílẹ̀ kó máa bù ú bó ṣe ń bù ú. Nígbà tó bá parí, màá tún gbogbo wọn wọ̀n. Bí ike iyọ̀ bá jẹ́ gíráàmù 412 tẹ́lẹ̀ tó wá di 398, iyọ̀ 14 ló wọ ọbẹ̀. Ẹ wọn ẹ̀fọ́ náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bọ̀ ọ́ tí wọ́n sì fún omi rẹ̀, kì í ṣe látọjà wá, torí omi inú rẹ̀ máa ń yàtọ̀.

Ẹ kọ àkókò sílẹ̀, àmọ́ ẹ kọ àmì ṣáájú rẹ̀. "Dín ata títí kíkan rẹ̀ yóò fi lọ, tí epo yóò fi lé, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20." Ohun tó bá sì sọ, ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, lédè tó fi sọ ọ́. Bó bá ní "jẹ́ kí epo yẹn gbọ́ ara rẹ̀ ná," ẹ má yí i sí nǹkan mìíràn. Ẹ béèrè ohun tó túmọ̀ sí, kí ẹ kọ àlàyé sábẹ́ rẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni kó wà lókè.

Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ kà á padà sí i létí. Ọjọ́ tí mo ka ẹ̀fọ́ rírò Màmi sí i létí, ó dijú, ó ń mi orí bí mo ṣe ń kà á lọ: ata, epo, àlùbọ́sà, irú, edé, panla. Mo dé ibi iyọ̀, ó lajú.

"Mi ò tíì fi iyọ̀ sí i níbẹ̀ yẹn. Irú àti panla ló kọ́kọ́ máa sọ tiwọn. Pa á rẹ́."

Mo pa á rẹ́, mo kọ ọ́ sísàlẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀fọ́. Ó ní kí n tún un kà láti òkè.